Kúta etíkun wa àti barakúdà Miami: ṣé ẹja kan náà ni?

Ìbéèrè: "Badagry ni mo ń gbé, ẹja ni mo ń yan tà. Oríṣi kúta méjì ló máa ń kan ọwọ́ mi: èyí kékeré tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó nínú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti èyí ńlá tó ń ti òkun wá, tó lè gùn tó ọmọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Miami gbọ́, ó figbe ta pé barakúdà nìyẹn, pé májèlé ni, pé wọn kì í tà á lọ́jà lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé ẹja kan náà ni? Ṣé èyí kékeré ni ọmọ èyí ńlá? Ibo gan-an ló ń gbé, kí ló sì ń jẹ?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú òwò, ẹ kú iná. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, ẹ̀yin náà kò sì ṣi ẹja rà. Barakúdà ni kúta lóòótọ́, ṣùgbọ́n barakúdà kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo. Ìdílé ńlá ni. Sphyraena ni orúkọ ìdílé náà lẹ́nu àwọn onímọ̀, ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ sì ju ogún lọ káàkiri àwọn òkun tí omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mélòó kan nínú wọn ni wọ́n ti rí ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Mẹ́ta la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí àwọn yòókù fẹ́ràn omi tútù ti ìhà Mẹditaréníà ju tiwa lọ.

Èyí tó jẹ́ ti agbègbè wa gan-an ni Sphyraena afra. Peters, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1844. Kò sí ní Amẹ́ríkà, kò sí ní Éṣíà. Láti ìhà Senegal sọ̀ kalẹ̀ dé Namibia ni ilé rẹ̀ mọ. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù nínú ìdílé yìí: ó lè gùn tó mítà méjì, wọ́n sì ti fi ìwọ̀ fa èyí tó ju kílò 45 lọ jáde ní Angola. Èyí ńlá tí ẹ ń rí yẹn, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ òun ni.

Ẹ̀yà kejì ni ẹja ẹ̀gbọ́n yín, Sphyraena barracuda. Òun ni aláràbarà tó gba gbogbo ayé kan: ó wà ní Florida, ó wà ní Kúbà níbi tí wọ́n ti ń pè é ní picúa, ó wà ní Brazil, ó wà ní òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Ó wà ní etíkun tiwa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé S. afra la sábà ń rí ju òun lọ. Ẹ̀kẹta ni Sphyraena guachancho, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ nígbà tó bá dé ọjà. Nítorí náà, èyí kékeré tí ẹ ń rà lè jẹ́ ọmọ èyí ńlá, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà ẹ̀yà mìíràn tí kò ní ga jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ojú lẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Bí ẹja bá ṣì wà lódindi, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ da omi mímọ́ sí i lára kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. S. guachancho ní ìlà kan tó pọ́n bíi wúrà láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù, ara rẹ̀ mọ́, kò sì ní àbàwọ́n. Ìlà wúrà yìí máa ń ṣá bí ẹja bá ti pẹ́ lórí àtẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi omi sí i. Bí kò bá hàn mọ́, ẹ wo lẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ṣóńṣó rẹ̀ á dé ibi tí lẹbẹ abẹ́ ikùn ti bẹ̀rẹ̀. S. afra ní tirẹ̀ ní ọ̀wọ́ ìlà dúdú tó dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ láàárín bí orí ọfà. Lára ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń hàn jù, àgbà lè ti pa wọ́n rẹ́ díẹ̀. S. barracuda ní àbàwọ́n dúdú gbàǹgbà-gbàǹgbà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, pàápàá lápá ìrù, wọn kò sì tò lẹ́sẹẹsẹ: bí ti ẹja kan ṣe rí kọ́ ni ti èkejì máa rí.

Tí àwọ̀ bá ti parẹ́ pátápátá, ẹ ka ìpẹ́. Ìlà kan wà tó ti ẹ̀yìn etí tọ àárín ara dé ìrù, gbogbo ìpẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ló ní ihò wínníwínní kan. Ti S. barracuda tóbi, wọn kì í pé 90. Ti àwọn méjì yòókù kéré, wọ́n sì ju 100 lọ. Iṣẹ́ ni kíkà yẹn o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní láti kà á tán: bí ìpẹ́ bá tóbi tó èékánná ìka kékeré lára ẹja tí kò ju apá ènìyàn lọ, ó yẹ kí ẹ fura sí S. barracuda.

Àwọn kan tún máa ń ta makẹ́rẹ́ẹ̀lì ńlá ní kúta, pàápàá tí wọ́n bá ti gé e sí wẹ́wẹ́. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Makẹ́rẹ́ẹ̀lì ní àwọn lẹbẹ kéékèèké tó tò lórí àti lábẹ́ láti ẹ̀yìn lọ dé ìrù, bí irú èyí tó wà lára ẹja Titus. Kúta kò ní ìyẹn rárá. Lẹbẹ méjì péré ló wà lẹ́yìn kúta, wọ́n sì jìnnà síra wọn: ti iwájú ní ẹ̀gún 5, ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ìrù. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún gùn ju tòkè lọ, tó fi jẹ́ pé bó bá pa ẹnu dé, ìsàlẹ̀ ló máa ṣáájú.

Ó kan ibi tó ń gbé. Ẹja òkun ni kúta, ẹja etíkun. Kì í bọ́ sí àárín agbami lọ títí, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ jìn: láti ojú omi dé bíi mítà 75 ni ibùgbé S. afra mọ. Àwọn tí kò tíì dàgbà tán a máa rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ́, lórí ilẹ̀ oníyanrìn àti ilẹ̀ alámọ̀. Bí wọ́n bá ti ń tóbi ni wọ́n ń ya ara wọn sọ́tọ̀, títí àgbà á fi máa dá rìn. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí èyí kékeré nípa apẹ̀rẹ̀, tí èyí ńlá sì ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà fẹ́ràn ibi tí ohun kan ti dí ìṣàn omi lọ́wọ́: òkúta abẹ́ omi, ọkọ̀ tó rì, òpó ilé iṣẹ́ epo lójú òkun, ògiri òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ẹnu èbúté Èkó lọ́dún 1908. Kì í ṣe òkúta ló ń wá níbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ló ń sá sí ẹ̀yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ìgbì má baà gbé wọn lọ, kúta á sì dúró sí etí ìṣàn omi náà, kò ní mira, á kàn máa wò wọ́n.

Ti ọ̀sà wá ńkọ́? Ọmọ kúta máa ń wọ ọ̀sà lóòótọ́, nítorí pé omi ibẹ̀ kò jìn, oúnjẹ pọ̀, àwọn ẹja ńlá tó lè gbé e mì kò sì pọ̀ níbẹ̀. Àárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ló ti máa ń bá a lára mu jù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ló ń darí ìrìn rẹ̀. Omi òkun ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Nígbà òjò, tí odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti odò Yewa bá ya wọlé, omi ọ̀sà Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tí kò ní iyọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àrọ̀ àti ẹpìyà lè gbé inú ìyẹn. Kúta kò lè gbé e. Ara ẹja òkun ti mọ́ ọn lára láti máa mu omi iyọ̀ kó sì máa ti iyọ̀ náà jáde gba etí rẹ̀. Bó bá bọ́ sínú omi tí kò ní iyọ̀, omi á máa wọ ara rẹ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ á sì máa tán lọ. Nítorí náà, ó ń jáde padà sí òkun bí òjò bá ti dé. Láti bí oṣù Kọkànlá títí di bí oṣù Kẹrin, nígbà tí odò bá fà, omi òkun á padà wọlé, ọmọ kúta á sì tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà tó kan ẹ̀yin ará Badagry. Ọ̀sà yín kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Ìyanrìn etíkun ló dí i, ẹnu méjì tó jìnnà ni iyọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín: èbúté Èkó ní ìlà oòrùn, àti ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Cotonou ní ìwọ̀ oòrùn. Omi iwájú ilé yín gan-an lè má ní iyọ̀ tó fún kúta, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹni tó ń tà fún yín bá ní ọ̀sà ni òun ti pa á, ẹ bi í pé apá ibo. Èyí tó bá ti ìhà èbúté wá rọrùn fún mi láti gbà gbọ́ ju èyí tí wọ́n ní àwọn pa lábẹ́ afárá Badagry lọ.

Lójú òkun, ìgbóná omi náà ní ìgbà tirẹ̀. Lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, ojú omi máa ń wà ní 27°C sí 29°C. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ máa ń rú sókè ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana, ó sì ń kan Togo àti Benin, ojú omi á sì tutù ju 25°C lọ. Omi ìsàlẹ̀ yìí ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, ṣáwá á wá jẹ wọ́n, kúta á wá jẹ ṣáwá. Ibi tí ṣáwá bá lọ ni kúta ń lọ, ẹni tó bá ń wá kúta láìwo ibi tí ṣáwá wà kàn ń tu epo dà sómi ni.

Oúnjẹ rẹ̀: ẹja ni, ẹja ni, ẹja ni. Ṣáwá, atoko, àti àwọn ẹja mìíràn tó ń kó ara wọn jọ lójú omi. Ó ń fi skúìdì àti edé lé e. Tí ẹ bá la ikùn rẹ̀, ẹ má kàn da ìfun nù láìwò ó. Bí ẹ bá bá ṣáwá níbẹ̀, ìta gbangba òkun ló ti jẹun kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ atoko tàbí edé wẹ́wẹ́, itòsí ọ̀sà ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ó bá a lófìfo, kì í ṣe àìsàn: ẹja ńlá kan lè tó o fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń pọ oúnjẹ jáde bí àwọ̀n bá ti mú un.

Bó ṣe ń pa ẹran rẹ̀ yẹ fún wíwò. Kúta kì í lé ẹja títí. Àpò afẹ́fẹ́ tó tóbi wà nínú ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó rì, nítorí náà ó lè dúró gbári lójú kan láìlo agbára. Ara rẹ̀ gùn, ó rí roboto, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tí ohun tó ń bọ̀ níwájú fi lè má rí i. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, kì í ṣe imú. Bí ẹja kan bá tàn yẹ̀rì tàbí tó ń rìn bí ẹni tó fara pa, kúta á ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíkankíkan, nínú ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá bà á, ó sábà máa ń fi í sílẹ̀. Eyín oríṣi méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ti ìta kéré, wọ́n tò bí eyín ayùn. Ti inú, títí kan àwọn tó wà ní àjà ẹnu, gùn, wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n sì mú bí abẹ. Àwọn gígùn ló ń gún ẹran náà mú, àwọn kéékèèké á gé e. Ẹja tí kò lè gbé mì lódindi, á gé e sí méjì, á sì yí padà wá kó àwọn tó já bọ́. Ẹ tún ṣí ideri etí rẹ̀: àwọn egungun wẹ́wẹ́ tí ṣáwá fi ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi kò sí níbẹ̀ tàbí kó jẹ́ ẹyọ kan péré. Kò nílò asẹ́.

Nítorí pé ohun tó ń dán ló ń tàn án, ó lè ta lu ọwọ́ tó wọ òrùka tàbí aago nínú omi tó rú. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ọ́mọ̀ bu ènìyàn jẹ nínú omi ṣọ̀wọ́n gan-an. Inú ọkọ̀ ni ìpalára pọ̀ sí. Kúta tó ṣì wà láàyè a máa fò, ẹnu rẹ̀ á sì máa ṣe kéke. Kí apẹja lù ú lórí kó tó gbé e wọlé, kó fi àkísà mú un lẹ́yìn orí, kó sì fi pẹ̀láyà yọ ìwọ̀. Okùn ọ̀rá lásán kò ṣeé fi ìwọ̀ so fún un, eyín yẹn á gé e. Wáyà irin tó gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ló yẹ kó ṣáájú ìwọ̀.

Ìbímọ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Akọ àti abo kò yàtọ̀ lójú, ẹyin tàbí àtọ̀ inú ikùn nìkan ló ń tú wọn fó. Ojú omi gbangba ni wọ́n ń da ẹyin sí, ẹyin kọ̀ọ̀kan tó bíi mìlímítà kan, ìṣàn omi á gbé e lọ. Bàbá kò ṣọ́ ọ, ìyá kò ṣọ́ ọ. Nínú S. barracuda ti Florida, akọ a máa tó bímọ ní bí ọdún 2, abo ní bí ọdún 3 tàbí 4, ó sì lè lo ju ọdún 15 lọ láyé. Òrùka tó wà nínú òkúta kékeré inú orí ẹja ni wọ́n ń kà láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún pípẹ́ yẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ májèlé. Kúta kò ní oró nínú ara tirẹ̀. Ohun abẹ̀mí tíntìntín kan wà tí ń jẹ́ Gambierdiscus, tó ń gbé lára ewé omi lórí òkúta iyùn (coral) abẹ́ òkun. Òun ló ń ṣe oró náà. Ẹja tó ń jẹ ewé á gbé e mì, ẹja apẹjajẹ á jẹ ìyẹn, oró náà kì í tètè kúrò lára, nítorí náà ó ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè. Barakúdà ló wà lókè pátápátá, ó sì ń pẹ́ láyé. Florida, Bahamas àti Kúbà ní òkúta iyùn lọ́pọ̀ yanturu, ìdí nìyẹn tí ìlú Miami fi ka títà rẹ̀ léèwọ̀. Ciguatera ni orúkọ àìsàn náà. Láàárín wákàtí mélòó kan, inú á máa run, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ètè àti ìka á máa ṣe mìnrìnmìnrìn, nǹkan tútù á sì máa jó ènìyàn lọ́wọ́ bí iná. Ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí lè wà fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Kò sí egbòogi tó ń pa oró náà. Àmì àìsàn ni dókítà ń tọ́jú.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń yan ẹja mọ̀ nìyí: iná kò pa á. Sísè, yíyan, dídín, iyọ̀, fíríìsà, kò sí èyí tó ń mú un kúrò. Kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò. Àwọn tó ń fi owó fàdákà kàn án láti mọ̀ bóyá oró wà nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń wò ó bóyá eṣinṣin á bà lé e, ń tan ara wọn jẹ.

Ní tiwa, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá àti omi tútù ìgbà òjò kì í jẹ́ kí òkúta iyùn pọ̀ láti Ghana dé etíkun Nàìjíríà, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré gan-an ju ti Miami. Kéré ni mo wí, mi ò ní kò sí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 rí irú oró yìí lára ẹja apẹjajẹ láti etíkun Kamẹrúùnù, wọ́n sì ti ń rí àìsàn náà ní erékùṣù Canary láti 2004, lára ẹja mìíràn. Tí ó bá jẹ́ èmi, ẹja tó bá gùn ju mítà kan lọ tó sì ti ìhà erékùṣù olókùúta wá, bíi São Tomé tàbí Bioko, n kò ní rà á fún yíyan. Èyí tí wọ́n pa nítòsí Èkó tàbí Cotonou, tí ẹ sì dá mọ̀ ní S. afra, ẹ máa tà á. Ẹ̀dọ̀, ẹyin, ìfun àti orí èyí ńlá ni kí ẹ dà nù, torí ibẹ̀ ni oró ń pọ̀ sí jù bó bá wà.

Mákúrì (mercury), irin kan tó jẹ́ májèlé, ni ewu kejì, òun náà ń pọ̀ lára ẹja apẹjajẹ tó ti dàgbà, iná kò sì ràn án. Kí aláboyún àti ọmọdé jẹ ṣáwá tàbí kúta kékeré dípò àgbà kúta.

Èyí tó ń ba kúta jẹ́ lójoojúmọ́ lọ́jà wa kì í tilẹ̀ ṣe èyíkéyìí nínú wọn, oòrùn ni. Kílò áìsì kan sí kílò ẹja kan, láti inú ọkọ̀, kì í ṣe láti etí omi. Ẹ yọ ìfun àti etí rẹ̀ kíá. Ẹran rẹ̀ kò lọ́ràá púpọ̀, nítorí náà ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ní ìdábùú, kí ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ ro dànù kó tó gun iná, iná náà kò sì gbọdọ̀ le ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná bá mú ìta le jù, inú á ṣì tutù, ọjọ́ kẹta ni ìdin máa fi hàn yín.